Arúgbó Tí Wọ́n Gbé Gorí Àga

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò nínú ìjọ tí mo ti fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, torí náà ẹnu mi ò ní ìjánu lónìí.

Bàbá Fẹ̀yìntọlá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Télọ̀ ni, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà kí n tó dé, ó ń bá ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kan nílùú Laurel gé ṣòkòtò àwọn òyìnbó kúrú, ó ń pààrọ̀ síìpù, ó ń tú kóòtù fún ẹni tó bá sanra sí i. Gbogbo sùtánà funfun tí à ń wọ̀ ní Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Síónì, òun ló rán an. Ìyàwó ẹ̀, Ìyá Ìtùnú, ti padà sílé lọ tọ́jú ìyá tiẹ̀. Nígbà tí ìyá yẹn kú, ó ní òun ò wá sínú òtútù mọ́, kí Bàbá máa bọ̀. Bàbá gbà. Nígbà ooru ọdún 1995, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti di ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá lọ kí i, ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn ló ń sọ ṣáá, bí wọ́n á ṣe jọ máa jókòó níwájú ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí Ìyá Ìtùnú á máa bá a jà pé ó ń da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá dé ibi ìjà yẹn.

Àfi bí olórí ìjọ wa ṣe kú lójijì.

Ẹ wá wo ìjà! Ẹ́ldà Dàpọ̀, akáńtáǹtì ní College Park, lóun ni ipò kàn. Ẹ́ldà Babáwálé, ẹnjiníà, lóun ni. Àwọn ará Èkó tẹ̀ lé Dàpọ̀, àwọn ará Ìbàdàn tẹ̀ lé Babáwálé. Ní ìjọ tiwa, a máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sunday kan, bàtà yẹn ni wọ́n ń sọ lu ara wọn, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó tí a háyà! Pásítọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ wá wò wá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè kí i.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, wọ́n rẹ́. Mo wà ní ilé Bàbá, mo ń se ọbẹ̀ fún un, nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé pẹ̀lú súùtù lọ́rùn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́,” Dàpọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹ̀yin ni Ọlọ́run ní ká wá mú.”

“Mo ti di ẹrù mi,” ni Bàbá wí. “Ìyàwó mi ń retí mi.”

“Fún ìgbà díẹ̀ ni, sà,” ni Babáwálé dáhùn. “Kí ìjọ má baà tú.”

Wọn ò dìde. Àgbà Yorùbá wo ló máa rí ọmọ ọlọ́mọ lórí ìdọ̀bálẹ̀, táá ní òun ò gbà? Àwọn náà mọ̀ ọ́n, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọn ò fi dìde. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n dìde, òun ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, ó pe Ìyá Ìtùnú lórí fóònù, ó ní kó ní sùúrù díẹ̀.

Níbi iṣẹ́ mi, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní New Carrollton, Michelle tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìjọ Àgùdà, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní báwọn kádínà náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní Róòmù: tí wọn ò bá lè fẹnu kò, wọ́n á fi arúgbó jẹ póòpù, arúgbó tí kò ní pẹ́ kú, kí oníkálùkù lè ráyè kó èèyàn jọ sẹ́yìn ara ẹ̀. Inú bí mi. Mo ní tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, àwa ń bọ̀wọ̀ fágbà ni.

Wọ́n ta òróró sí Bàbá lórí, wọ́n gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́, ó sì búra pé òun ò ní fi agbo sílẹ̀. Òfin kan wà nípa ọ̀pá yẹn. Olórí tó bá máa sọdá òkun gbọ́dọ̀ gbé e lé ẹnì kan lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ, ẹni tó bá sì gbà á ni yóò jọba lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá mọ òfin náà, àmọ́ ó rò pé kó tó di Kérésì, àwọn ọmọ òun á ti fẹnu kò.

Kérésì lọ, Àjíǹde lọ, ẹnu ò kò. Bàbá ní tiẹ̀ wá ń le bí ẹní jẹ irin. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rin títì Route 1 lọ síbi ìsìn. Dàpọ̀ a máa bi mí pé, “Sísítà Ọmọ́kẹ́mi, bíípí Bàbá ń kọ́?” Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ìfẹ́ ni.

Ìgbà tó yá, Ìtùnú ọmọ wọn pè láti Ìsẹ́yìn. Ó ní Màmá ò lè dìde mọ́, orúkọ Bàbá ni wọ́n ń pè. Bàbá ní kí n bá òun pe àwọn ẹ́ldà méjèèjì wá sílé.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ rí ìyàwó mi,” ó ní. “Kí ẹnì kan gba ọ̀pá.”

“Ta ni?” Àwọn méjèèjì pa ẹnu pọ̀ bi í.

Ó ní kí wọ́n jọ gbà á. Wọ́n kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e fún obìnrin kan nínú ìjọ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in. Ni Bàbá bá dìde lórí àga, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó lè bí lọ́mọ! Wọ́n fò mọ́ ọn: “Háà, Bàbá, ẹ má ṣe é! Ẹ má fi wá ré!” Ègún ni wọ́n ń sá fún. Nínú wọn, kò sẹ́ni tó sọ pé kó máa lọ.

“Bàbá,” Dàpọ̀ ń kanra, “ká ní a mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ rìnrìn àjò ni, a ò ní yàn yín. Gbogbo wa rò pé láàárín ọdún kan…”

Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Láàárín ọdún kan, kí ni?” ni Bàbá bi í.

Babáwálé ń wo bàtà ara ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín Michelle tó yé mi. Mo gbé ife tíì tí mo fẹ́ fún wọn padà sí kíṣìnì, mo dà á nù, mo sì gbé wọn ṣépè fúnra mi. Nígbà tí wọ́n lọ, mo ní kí Bàbá ju ọ̀pá sílẹ̀, kí n gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní òun ti búra lórí òróró. Ẹni tí ìbúra ṣì ká lára ni wọ́n rí mú, àwọn olóríburúkú.

Ìyá Ìtùnú kú kí òjò tó dá nílé. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìsìnkú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Àwọn ẹ́ldà wá bá a wò ó, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín dání, wọ́n jókòó sọ́tùn-ún àti sósì ẹ̀, torí kò sí èyí tó fẹ́ kí èkejì sún mọ́ ọn jù. Nígbà tó kan yẹ̀pẹ̀ dídà, àlùfáà inú fídíò pe ọkọ olóògbé. Ìtùnú ló jáde.

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Bàbá,” ni Babáwálé wí. “Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn dá yín lọ́lá.”

Bàbá yíjú sí i. “Ẹ̀mí gígùn? Ṣebí òkú lẹ ti ń retí látọjọ́ yìí. Òun ló wà níbẹ̀ yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Ikú kàn ṣi ilé yà ni.”

Ó wá kọjú sí mi.

“Kẹ́mi, dá fídíò yẹn padà síbi tí wọn ò tíì dé pósí. Mi ò tíì rí ojú ẹ̀ tán.”