Òdòdó tí Mo Rà Nígbà Ìjà Bakassi

Mi ò lè sọ ohun tó gbé mi dé ìdí òdòdó. Ẹja ni mo lọ rà lọ́jà Youpwè lọ́jọ́ náà, mo sì ra ẹja. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó inú ìkòkò létí títì, ewé wọn ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Mo ra ọ̀kan. Ó fi ọ̀rá wé ìkòkò náà, ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa so ó. Mo gbé e lé itan nínú takisí, inú mi ń dùn bí ẹni tó ra ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ara ò rọ àwa ọmọ Nàìjíríà ní Douala nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ tí orílẹ̀-èdè wa àti ti àwọn ará ibẹ̀ ń jà lé lórí, wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, àwọn ọlọ́pàá sì ń dá wa dúró ní oríta Ndokoti, wọ́n ń béèrè carte de séjour, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ọkọ mi, tó ń tún fìríìjì ṣe ní Bassa, á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó, á máa wo ògiri. Mo lóyún, oyún náà sì ti yọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ibí ni màá bímọ sí ni, àbí a ó padà sílé? Tí mo bá béèrè, á ní kí n ní sùúrù. Ó dá mi lójú pé ó ti pinnu, kò kàn fẹ́ sọ fún mi ni.

Òdòdó ò tíì mọ ilé tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pupa rúsúrúsú. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó burú sí i. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, ewé ń já. Mo bomi rin ín, ó rọ. Mo fi kún omi, ó tún rọ sí i. Aládùúgbò wa, obìnrin ará ibẹ̀ kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, ní oòrùn ni kò tó. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní ojú àwọn àlejò ló ń pa á, kí n máa fi aṣọ bò ó. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì: láàárọ̀ mo gbé e sóòrùn, nírọ̀lẹ́ mo fi ìborùn mi bò ó. Orí mi dàrú pátápátá. Inú tún ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí màá bínú sí.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n gbé e síbòmíràn, ni omi bá dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ gbàgbé. Inú ọ̀rá yẹn ló ti wá. Gbogbo omi tí mò ń bù sí i kò rí ọ̀nà jáde, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tí kò mọ bá a ṣe ń ṣe á béèrè ìdí tí mi ò fi tú ọ̀rá. Ṣé àwa máa ń tú ọ̀rá ni? Àga wa wà nínú ọ̀rá, a máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tí òógùn bá bò wá. Ríkọ́dà ọkọ mi náà wà nínú ọ̀rá. Ọ̀rá ló ń jẹ́ kí ohun tuntun pẹ́, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ti òdòdó yàtọ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mò ń sunkún. Ọkọ mi wọlé, ó wo omi, ó wò mí.

Ó ní, "Mo ti rí omi yẹn tipẹ́. Mo rò pé o fi ọ̀rá sílẹ̀ kó lè rọrùn láti gbé tá a bá ń lọ."

"Ṣé à ń lọ ni? Ẹ sọ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú ríbọ́ọ̀nù.

"Ìyàwó, mi ò mọ̀. Ìwọ ni mò ń wò. Nígbà tó o ra òdòdó, mo ní o ti pinnu pé ibí la máa wà. Nígbà tó ò tú ọ̀rá, mo ní o fẹ́ padà sílé. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi ọ́."

Mo fà á lọ́wọ́, òun náà jókòó sílẹ̀ nínú omi rírùn yẹn, àwa méjèèjì tí kò mọ nǹkan kan, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa sọ̀rọ̀.