Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn, Lápá Ọ̀tún

Sọ̀fíyù ń ta íyápíìsì ní Dékon, nílùú Lomé. Àwọn ará ibí ń pe íyápíìsì ní ẹkutẹ̀ẹ̀. Tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, aago ọwọ́ ni mò ń tún ṣe. Agboolé kan náà la jọ ń gbé, ilẹ̀kùn wa kọjú síra.

Ó mọ íyápíìsì. Kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Tirẹ̀ ni kó tì í bọ etí oníbàárà, kó ní kó máa ya ẹnu bí ẹni ń jẹ iṣu gbígbóná. Bó bá jábọ́, rọ́bà orí rẹ̀ kéré sí etí yẹn. Bí oníbàárà bá fajú ro, rọ́bà náà tóbi. Sọ̀fíyù á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Inú agolo mílíìkì kan ló kó àwọn rọ́bà náà sí. Sódábì, ọtí líle ilẹ̀ yìí, ló fi ń nù wọ́n kó tó tì wọ́n bọ etí ẹlòmíràn.

Barthélemy, ọlọ́kadà kan tó máa ń dúró níwájú wa, fi èdè Mina bi í lẹ́ẹ̀kan pé:

"Àlùfáà, ìwọ náà ń lo sódábì?"

"Etí yín ló ń mu ún. Èmi ò fẹnu kàn án."

Lẹ́yìn ìyẹn, á tẹ orin. Bí oníbàárà bá ṣì ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá ketekete, íyápíìsì náà ò dí etí dáadáa, ìlù á sì fẹ́lẹ́. Orin kan ṣoṣo ló fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò. Orin wéré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń jí mùsùlùmí jẹ sààrì nínú ààwẹ̀. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọ̀sán ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, lágboolé wa níbí. Ẹ̀rọ tí wọ́n yá ní máíkì méjì. Wọ́n gbé ọ̀kan fún Ràsákì tó ń dá orin, wọ́n gbé ìkejì síwájú àwọn elégbè. Ìdí nìyẹn tí Ràsákì fi wà ní etí òsì, tí àwọn elégbè wà ní etí ọ̀tún. Sọ̀fíyù wà láàárín elégbè, lẹ́yìn pátápátá.

Nínú íyápíìsì tí kò dára, elégbè ń dún bí ariwo ọjà. Nínú èyí tó dára, èèyàn á gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan. Ohùn Sọ̀fíyù máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti dákẹ́. Èmi nìkan ló sọ ìyẹn fún. Ohun tó ń bi oníbàárà kò ju pé, "Ẹ gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn?" Bí wọ́n bá ní àwọn gbọ́, inú rẹ̀ á dùn, kódà bí wọn ò bá ra nǹkan kan.

Ó ń jowú Ràsákì. Ó ti pẹ́. Kì í ṣe nítorí orin nìkan. Sẹ̀kínátù, ìyàwó Sọ̀fíyù, wà lágboolé lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ọmọge ni nígbà yẹn, Ràsákì ló sì kọ́kọ́ ń bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ràsákì lọ sí Kùtọ́nu, kò tètè dé. Bàbá Sẹ̀kínátù fi ọmọ rẹ̀ fún Sọ̀fíyù. Ọmọ náà ò kọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló fẹ́. Sọ̀fíyù náà ò bi í. Wọ́n ti bímọ, ọmọ ti bímọ, kò tíì bi í.

Lọ́dún yìí, Sẹ̀kínátù ní kó fún òun ní íyápíìsì kan tóun á máa fi gbọ́ orin bóun bá ń ṣa ìrẹsì. Sọ̀fíyù mú èyí tó dára jù nínú ọjà rẹ̀.

"Ẹ bá mi fi orin ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ yẹn sínú fóònù mi," ni Sẹ̀kínátù wí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí obìnrin náà bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń ṣa ìrẹsì, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkọ rẹ̀ á pa oúnjẹ tì.

"Ẹ wò ó, Bàbá Ṣèyí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i," á sọ fún mi.

"Sí ta?"

"Sí Ràsákì. Ta ló tún wà lẹ́nu máíkì?"

"Lọ bi í."

"Kò ṣeé bi. Bó bá sọ òótọ́ ńkọ́?"

Ó wá di ọjọ́ kan tó dé ìdí tábìlì tó ń kọrin. Ó ní òun ti rí nǹkan kan.

"Apá ọ̀tún nìkan ló ń tì bọ etí, Bàbá Ṣèyí. Tòsì ń fì láyà rẹ̀ lásán. Ọ̀tún nìkan!"

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Elégbè ló ń gbọ́. Èmi ló ń gbọ́!"

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń bá gbogbo oníbàárà ṣàwàdà, ó sì ń fún wọn ní rọ́bà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ràsákì wá. Ó ti kúrò ní Kùtọ́nu, ó ti kọ́lé sí Zanguéra, nítòsí Lomé níbí. Ó ti sanra, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò yí padà.

"Sófì! Bọ̀ǹjúù. O ò tíì kú?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ràsákì rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ ra íyápíìsì. Sọ̀fíyù nu ọ̀kan, ó fún un, ó tẹ orin. Ràsákì gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Èmi nìyí! Sófì, ohùn mi lo fi ń tajà látọjọ́ yìí? Kọ orúkọ mi sára tábìlì yìí o."

"Yọ tòsì. Gbọ́ ọ̀tún. O gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn?"

Ràsákì dijú, ó fetí sílẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ. Làmídì ni."

"Kì í ṣe Làmídì."

"Làmídì ni jàre. Àbí ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Sọ̀fíyù gba íyápíìsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí èyí tó bá etí rẹ̀ mu. Irọ́ ni. Ràsákì dìde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Bá mi kí Sẹ̀kínátù."

Ó pè é lórúkọ. Kò pè é ní Ìyá Ìsìlámíyátù bí àwọn ará ilé ti ń pè é.

Sọ̀fíyù palẹ̀ ọjà mọ́ láìtíì tó àkókò. Èmi náà palẹ̀ mọ́. Bí a ti wọ agboolé, ó lọ dúró níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀tún nìkan lò ń lò?"

"Tòsì ń dùn mí. Rọ́bà rẹ̀ tóbi. Mo rò pé ẹ máa rí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kí ló tún kù? Ẹ bá mi mú kékeré wá. Ariwo àwọn ọmọ ń gba etí kejì wọlé."

Sọ̀fíyù wọlé, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé rọ́bà kékeré ti tán. Agolo mílíìkì rẹ̀ kún fún un. Mo wo agolo, ó gbójú kúrò lójú mi. Obìnrin náà tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn. Ó tún ti tán.

"Bí mo bá fi kékeré sí i, Ràsákì á wọlé mi," ló sọ fún mi.

"Ó ti wọlé. Ìwọ lo fi í sínú fóònù."

Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a dé bá Sẹ̀kínátù nídìí ìrẹsì. Ó ń fi tipá ti tòsì bọ etí. Ojú rẹ̀ ro, omi lé sí i. Sọ̀fíyù dúró, ó ń wò ó. Mo mọ ohun tó ń rò: obìnrin yìí gbà kó máa dùn òun, kó ṣáà ti gbọ́ Ràsákì. Àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ojú ríro bẹ́ẹ̀ gbé íyápíìsì lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ó ki ọwọ́ bọ agolo tó gbé ti ọjà dé. Ó mú rọ́bà kékeré kan, ó nù ún, ó fi í sórí íyápíìsì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ etí òsì ìyàwó rẹ̀.

"Ya ẹnu."

Sẹ̀kínátù ya ẹnu. Kò jábọ́.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá. Ẹ ṣé."

Ó tẹ orin náà. Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹjú mọ́ ojú obìnrin náà bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Ẹnu ọ̀nà mi ni mo wà, mò ń fọ ọwọ́. Orin lọ títí ó fi parí. Sẹ̀kínátù ò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí Sọ̀fíyù máa ń bi oníbàárà ló bi òun náà.

"O gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn?"

"Mi ò gbọ́ yín mọ́."

"O ò gbọ́ ta?"

"Ẹ̀yin ni. Tẹ́lẹ̀, bí àwọn yòókù bá ti dákẹ́, ẹ̀yin á ṣì kù. Ẹ kì í tètè dákẹ́. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ràsákì ti wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Sọ̀fíyù yíjú wò mí. Mo mirí. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un.

Sẹ̀kínátù yọ tòsì, ó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ sí àyà rẹ̀.

"Ó tún ń dùn ẹ́ ni?"

"Kò dùn mí," ló wí, ó sì fa àtẹ ìrẹsì mọ́ra.