Ẹ Máa Wo Bírò Adájọ́

Kì í ṣe kí n lè di ẹni ńlá ni bàbá mi ṣe rán mi lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó ní ẹjọ́ ní kóòtù gíga ní Ìkàrẹ́, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun dúró rò ó fún òun. Gbogbo ẹni tó bá yà kí i nílé wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà ló ń sọ ọ́ fún. Yóò nawọ́ sí mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́, yóò ní, "Ẹ wò ó, lọ́yà mi nìyẹn." Inú á bí mi. Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́ ṣe lọ́yà? Nọ́ọ̀sì ló wù mí, nítorí aṣọ wọn máa ń funfun. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti sọ̀rọ̀ kan tán, ó ti parí nìyẹn.

Ilẹ̀ ló fa ẹjọ́ náà, oko kòkó kan lójú ọ̀nà Ìkun. Ìdílé tí a jọ pààlà sọ pé àwọn ni àwọn yá bàbá bàbá mi ní ilẹ̀ náà, pé kì í ṣe tiwa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìṣojú mi ni bàbá mi àti olórí ìdílé wọn ti jọ tún ààlà yẹn ṣe. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn lọ, èmi ni mo sì ń gbé pèrègún náà tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, bàbá yẹn fún mi ní iṣu sísun jẹ, ó ní mo ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ hú pèrègún náà dànù. Ó wá ku èmi àti bàbá mi nìkan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wa.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama nígbà tí bàbá mi ní kí n wá jẹ́rìí. Lọ́yà rẹ̀ ayé ìgbà náà, àgbàlagbà kan tó máa ń fi aṣọ ìnujú nu awò ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Máa wo bírò adájọ́. Ọwọ́ ló fi ń kọ gbogbo ohun tí o bá sọ. Bí bírò bá ń rìn, dákẹ́. Bó bá dúró, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ." Mo wo bírò náà bí ẹni ń wo ẹran lórí iná. Wọ́n da ìbéèrè bò mí, mi ò mì. Nígbà tí a jáde, bàbá mi ra búrẹ́dì fún mi ní gáréèjì, àtìgbà tí a wọkọ̀ títí a fi dé Ọ̀kà ló ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé lọ́yà ni mo máa ṣe.

Kòkó àti iṣu ló fi rán mi lọ sí yunifásítì, lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń parí ẹ̀kọ́ lọ́yà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Olùkọ́ kan ló sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ kò gbọdọ̀ tún ṣe lọ́yà nínú ẹjọ́ yẹn, òun àti ẹni tí wọ́n bá jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà. Ó sọ ọ́ tán, ó bọ́ sórí òmíràn. Àwọn tó jókòó tì mí ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ń ronú nípa bàbá mi àti gbogbo iṣu tó ti tà.

Ọjọ́ tí mo délé gan-an ni mo sọ fún un. Oko ni mo bá a, ó ń la kòkó.

"Bàbá, mi ò ní lè dúró fún yín ní kóòtù o."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ti fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Òfin ò gbà á."

Ó la òmíràn, ó kó ọmọ inú rẹ̀ sórí ewé. "Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà jù lọ ni wọ́n wá ní kò gbọdọ̀ rò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Òfin yẹn ò lójú àánú."

Mo ní lọ́yà pọ̀ ní Ìkàrẹ́, pé màá bá a wá èyí tó dáa. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ó ní ọmọ tí òun mọ̀ ni òun ń sọ, ọmọ tó ti jẹun nínú abọ́ òun, kó dìde níwájú adájọ́ kó sọ pé òun dúró fún bàbá yìí, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ obẹ̀ tó fẹ́ràn ni mo sè. Ó dùn mí dé egungun.

Mo gba fìlà onírun àti aṣọ dúdú lọ́yà, mo padà wá sí Ìkàrẹ́, mo ń bá àwọn onílé àti ayálégbé ro ẹjọ́, mo ń bá àwọn tó ń du oyè ro ẹjọ́. Àwọn èèyàn ń yìn mí. Bàbá mi náà ń wá jókòó lẹ́yìn nígbà mìíràn láti wò mí, bí mo bá sì borí, yóò ní mo ṣe é. Lẹ́yìn náà a ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò, nítorí a mọ ohun tí ẹnì kejì ń rò.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà. Mo sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n lè mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín èrò ni. A máa ń ṣe kóòtù: ọmọ kan á ṣe lọ́yà, òmíràn á ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá mi ló ń ṣe adájọ́ fún wa. Kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì falẹ̀, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí. Bí ọmọ kan bá ń sáré sọ̀rọ̀, yóò gbé ọwọ́ òsì sókè, yóò ní, "Ẹ rọra. Mi ò tíì kọ ọ́ tán." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń wá láti Ìkun. Ohùn rẹ̀ kéré, ojú àánú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bó bá bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tí ẹlẹ́rìí bá ń kólòlò, òun fúnra rẹ̀ á sọ ìdáhùn sí i lẹ́nu. Mo bá a jà lórí ìyẹn. "Ìwọ kọ́ lo fẹ́ jẹ́rìí. Bi í, kí o dákẹ́. Bó tiẹ̀ ń sunkún, dákẹ́." Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, àánú wọn ń ṣe mí." Bàbá mi á ní kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń tẹ̀ lé wa délé, ó ń jẹun nínú abọ́ bàbá mi. Lọ́jọ́ kan ni bàbá mi wò mí, ó ní, "Èyí náà ń kọ́? Ṣé òfin gba èyí láti dúró fún mi?"

Mo ní òfin gbà á. Mi ò tíì rí i kó yọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ búrẹ́dì.

Ọmọ náà lọ sí yunifásítì, ó lọ sí Àbújá, ó dé. Ó wá bá mi pé kí n gbà á sí ọ́fíìsì mi, mo ní rárá. Ó rò pé mi ò fẹ́ràn òun mọ́, ó sì yarí. Ìgbà tí mo là á yé e pé bó bá ti wà lọ́dọ̀ mi kò ní lè dúró fún bàbá ni ara rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì míràn nítòsí ọjà, wọ́n sì gbà kó mú ẹjọ́ náà, nítorí lọ́yà àgbàlagbà yẹn ti fẹ̀yìn tì.

Àsìkò yẹn ni wọ́n gbé adájọ́ lọ síbòmíràn. Bí adájọ́ bá lọ láì dá ẹjọ́, ẹni tó bá dé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí bàbá mi ti sọ, àti èyí tí mo sọ, kò wúlò mọ́. A óò tún un sọ. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun, èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tu àwọn oníbàárà mi nínú. Bàbá mi ni kò bínú. Ó ní ọmọ òun ṣá ti dé.

A dé kóòtù, wọ́n ní adájọ́ ò jókòó. A tún lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Agbádá kan náà ni bàbá mi ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà, á ti lọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ní ìgbà ìkẹyìn, a jókòó títí oòrùn fi mú, kí wọ́n tó wá sọ pé kí a máa lọ. Ó bá yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Sọ ọ́ kí n gbọ́ ná, bó o ṣe fẹ́ sọ ọ́." Ọmọ náà dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Akọ̀wé kóòtù ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn. Bàbá mi ní, "Ó dáa, ó di ọjọ́ míì."

Òjò ọdún yẹn ló rọ̀ lé e lórí ní oko. Ibà dé, ẹ̀jẹ̀ ríru náà dé, kò sì dìde mọ́. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tó ti máa ń sá kòkó.

Ẹjọ́ kì í bá ẹni tó pè é lọ. Orúkọ èmi àkọ́bí ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀. Nígbà tí adájọ́ jókòó níkẹyìn, ìró àti bùbá ni mo wọ̀, mo fi fìlà mi àti aṣọ dúdú sílé. Mo wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí nígbà tí ọmọ náà dìde. Ohùn rẹ̀ ò kéré mọ́. Ó ní, "Olúwa mi, èmi ni mo dúró fún olùpẹ̀jọ́." Mo wo àga ìjókòó tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí bàbá mi máa ń jókòó. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ọmọ náà bi mí lórúkọ. Ó bi mí níbi tí mò ń gbé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló kọ́kọ́ pe ẹjọ́ yìí?"

"Bàbá mi ni."

"Níbo ni bàbá yín wà báyìí?"

Ó mọ ibi tó wà. Òun ló dì mí mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì kí n má ṣubú. Mo mọ̀ pé àánú mi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ sí mi lẹ́nu. Ó dákẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo gbàgbé láti wo bírò, mo kàn sọ ọ́ jáde wéré kí n lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adájọ́ gbé ọwọ́ òsì sókè, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ rọra, Madam. Mi ò tíì kọ ọ́ tán. Ẹ tún un sọ."

Mo dúró títí bírò náà fi dúró.

"Bàbá mi ti kú," ni mo wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.