Òwú Tó Gba Ihò Ọgbà Jáde

Ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn ọgbà náà. Mo mọ̀, nítorí wọ́n tì í mọ́ èmi náà.

Ẹ̀yìn odi Ìlọrin ni, kò pẹ́ tí òyìnbó gba ìjọba. Ìwé ìròyìn kan l'Ékòó ló rán mi lọ wo ibùdó tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ́ fún àwọn ogunléndé tó sá kúrò lóko olówó tó rà wọ́n lẹ́rú. Ilé wọn tò gbọọrọ, ó mọ́ tónítóní. Ọgbà yí i ká, kí olówó má baà wá jí wọn gbé. Dògarì tó ń ṣọ́nà jẹ́ kí n wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ kírun alásàrí.

Bàbá ahunṣọ kan pè mí jókòó.

"Ògbufọ̀ ní ọgbà ni wọ́n ṣe fún wa," ó ní. "Mo rò pé ibi tí a ó ti gbin ilá ni. Àṣé ọgbà ẹlẹ́wọ̀n ni!"

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá lè bọ́ ọ nìkan ló lè lọ gbé nínú ìlú. Ọmọbìnrin bàbá yìí wà nílé ọkọ níbẹ̀, ó ti bímọ, bàbá kò sì tíì fojú kan ọmọ náà. Ó mọ aṣọ hun dáadáa. Ṣùgbọ́n òwú òfì máa ń nà lọ jìnnà níwájú ahunṣọ, òkúta ló ń fà á le. Òwú tirẹ̀ kò tíì nà dé ìdajì tí òkúta fi kan ọgbà.

"Aṣọ tí mo lè hun níbí kò lè bo ìdí ọmọ-ọmọ mi."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ hun fìlà ná, baálé mi."

"Orí tó gbé mi dé ihín? Kò yẹ kó dé fìlà."

Nígbà tí dògarì padà dé, bàbá di aṣọ mi mú. "Akọ̀wé, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ihò kan péré ni mo ń tọrọ. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ gba ibẹ̀, òwú ni."

Mo jíṣẹ́ fún ajẹ́lẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì lọ túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá:

"Wọ́n ní kí wọ́n lu ihò náà. Òwú lè jáde. Ahunṣọ á dúró sínú ọgbà títí aṣọ á fi parí. Lẹ́yìn ọyẹ́, wọ́n á wò ó bóyá ó gùn tó."