Orúkọ Tí Kò Ní Ìrù: Láti Moabit Dé Harburg

Ojúmọ́ kò tíì mọ́ nígbà tí mo fa ilẹ̀kùn ilé wa dé ní Moabit, ní ìlú Berlin. Ìyàwó mi gbé mọ́ínmọ́ín tí ó ti dì sínú ike lé mi lọ́wọ́.

"Dádì Kẹ́mi, ẹ má jẹ́ kó dojú dé o. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ akọ àti abo yín fún ẹni ẹlẹ́ni nínú ọkọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí gan-an ni ó ń gbé mi rìn. Wàsíù àbúrò mi, tí ó ń gbé ní Harburg ní ìlú Hamburg, ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ ó pẹ́. Níkẹyìn ó bí obìnrin, ó sì ti mú orúkọ fún un: Ayọ̀bámi. Ọmọ Lithuania ni Rasa ìyàwó rẹ̀. Ìrì tí ń sẹ̀ ní òwúrọ̀ ni "rasa" túmọ̀ sí lédè wọn. Ìyá Rasa ti wá láti bá wọn tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ náà rí. "Ọmọdébìnrin" ni ó ń pe ọmọ. Nígbà tí Wàsíù bá a sọ ọ́, inú bí i, ó ní òun yóò padà sílé kí ìsọmọlórúkọ tó wáyé lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, Rasa ń sunkún ṣáá," Wàsíù wí lórí fóònù. "Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ èdè wọn. Ẹ máa bọ̀."

Òótọ́ ni. Ilé ìtajà kọfí kan ní Kreuzberg ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Láti ìgbà ìgbéyàwó wọn ni mo ti ń ka ìwé lórí èdè Lithuania, ti Latvia, àti ti àwọn Prussia àtijọ́ tí ó ti kú. Ìdílé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Baltic ni à ń pè wọ́n.

Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá, mo ra kọfí àti búrẹ́dì roboto tí wọ́n ń pè ní Brötchen. Yúrò márùn-ún ó lé díẹ̀ ló lọ sí i. Ọkọ̀ tó rọra ń lọ ni mo wọ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù mi gbà mí láyè níbẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, awakọ̀ yóò dúró kí èrò kún. Níbí, àsìkò tó, ọkọ̀ gbéra, àga òfìfo sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó wù mí púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò kí èèyàn pé ẹ káàárọ̀.

Bàbá àgbà kan tí ó jókòó sí iwájú mi rí ìwé ọwọ́ mi, ó bi mí bóyá èdè tiwa náà ní "der, die, das", ìyẹn akọ, abo, àti ohun tí kò ṣakọ tí kò ṣabo. Mo rántí ìyàwó mi. Mo gbìyànjú, n kò lè pa ẹnu mọ́.

"Rárá o," mo fi ìgbéraga dáhùn lédè Jámánì. "'Ó' nìkan la ní. Ọkùnrin dé, ó dé. Obìnrin dé, ó dé. Ọkọ̀ dé, ó dé."

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ èyí tí ó jẹ́ ọkùnrin?"

"A máa ń wò ó."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nù ún. Mo fi kún un pé ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ ni èdè wa kò lè ṣe kó má bèèrè: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? 'Ó' kan ṣoṣo yìí ló sì fà á tí Wàsíù àbúrò mi, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti lò níbí, ṣì máa ń pe ìyàwó rẹ̀ ní "er", èyí tí í ṣe ti ọkùnrin, lójú àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì.

Kí a tó dé Ludwigslust tí mo ti pààrọ̀ ọkọ̀, adágún omi kan ń dán láàárín igi. Mo nawọ́ sí i fún bàbá náà. Adágún yìí, akọ ni lẹ́nu àwọn Lithuania, "ežeras". Akọ náà ni ní Latvia, "ezers". Ṣùgbọ́n "assaran" ni àwọn Prussia àtijọ́ pè é, "-an" ìparí rẹ̀ sì fi hàn pé kò ṣakọ kò ṣabo. Ilé mẹ́ta ni ìdílé Baltic ní láyé àtijọ́: akọ, abo, àti èyí tí kò ṣakọ tí kò ṣabo. Ẹ̀kẹta ti wó mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ Lithuania àti Latvia lórí, akọ ló sì kó ọ̀pọ̀ ẹrù rẹ̀.

Láti àárín Hamburg, S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, gbé mi kọjá lórí afárá odò Elbe lọ sí Harburg. Irin afárá náà ga, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá nísàlẹ̀, inú mi sì dùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí í jẹ́ afárá gan-an ni ẹlẹ́rìí ilé kẹta náà tí mo fẹ́ràn jù. "Tiltas" ni ní Lithuania, akọ ni. Àwọn Finland, tí èdè wọn kò bá ti àwọn Baltic tan, yá ọ̀rọ̀ náà láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá yá ọ̀rọ̀ akọ, wọ́n sábà máa ń gbé "s" ìparí rẹ̀ lọ: "hammas" ni eyín. Ṣùgbọ́n "silta" ni wọ́n pe afárá, kò ní "s". Àwọn onímọ̀ ní ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n yá a, afárá kò tíì di akọ. Alájọgbé fi ohun tí onílé sọ nù pamọ́!

Wàsíù dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Rasa wà nínú yàrá ìdáná, àpò rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ògiri. Mo kí i lédè rẹ̀, ó yà á lẹ́nu, ó fi àga hàn mí. Ohun tí kò bá yé mi, Rasa ń túmọ̀ rẹ̀.

"N kò kórìíra orúkọ yín," ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n kò ní ìrù. Bí mo bá fẹ́ sọ pé mo gbé wàrà fún ọmọ, ìparí orúkọ tó ń yí padà, ìyẹn ìrù rẹ̀, ni yóò sọ 'fún' lédè wa. Ibo ni n ó ti dì í mú?"

Mo ní mo ti rí ọ̀nà. "Mama, ẹ ní ọ̀rọ̀ abo tí ó parí sí 'i' bíi ti Ayọ̀bámi. 'Marti' ńkọ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Marti ni ìyàwó ọmọ ẹni. Ọmọ ọwọ́ ni mo sọ pé mo ní."

Rasa bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Mo yíjú sí Wàsíù: "Mojísọ́lá ńkọ́? 'A' ló parí rẹ̀, yóò bá èdè wọn mu."

"Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí mo ṣe dúró tó. Ayọ̀ ló bá mi. Ṣé torí ìparí ọ̀rọ̀ ni n ó ṣe wá purọ́?"

Ìyá Rasa dìde, ó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀.

Àkókò yẹn ni fóònù Wàsíù dún. Ìyá wa ni, láti Ọ̀yọ́. Kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó ṣáà ní kí a gbé ojú ọmọ wá. Bó ti rí i báyìí ni ó ké:

"Àníkẹ́! Àníkẹ́ ọ̀kín! Àníkẹ́ mi dà?"

Ìyá Rasa dúró. "Anikė?" ni ó bi ọmọ rẹ̀. "Ta ni Anikė?"

Mo ṣàlàyé pé oríkì ni, pé ìyá àgbà ló sábà máa ń sọ ọ́, pé ẹni tí a ní láti kẹ́ ni ó túmọ̀ sí, pé kò gba ipò Ayọ̀bámi. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò rẹ̀. Àmì kan wà lórí "ė" tirẹ̀. Mo kọ tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmì wà nísàlẹ̀. "Ė" yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ abo wọn fi ń parí.

Ó gbé ọmọ. "Anikei," ó wí, ìyẹn 'fún Àníkẹ́'. "Anikę," nígbà tí ó gbá a mọ́ra. Ìrù ti wà. Lẹ́yìn náà ló rọra tú orúkọ tí Wàsíù mú jáde, ó lọ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Ayobami. Anikė." Wàsíù sáré gbé àpò náà padà sínú yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Alfa sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ìyá àgbà méjèèjì sì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú fóònù. Nígbà tí mo ń dágbére, ìyá Rasa di ọwọ́ mi mú, ó wo ọmọ, ó ní: "Gražu."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń tọ́ lẹ́nu bí iyọ̀ títí mo fi dé Moabit. Bí ọkùnrin bá rẹwà, "gražus", obìnrin, "graži". "Gražu" kì í ṣe ti akọ, kì í ṣe ti abo. Ilé kẹta tó wó ṣì ní yàrá kan níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, "Ó dára" ni.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo ní ohun tí èèyàn rò pé ó ti sọnù nínú èdè, ibòmíràn ló máa ń sápamọ́ sí. Pé èmi tí mo fọ́nnu pé èdè wa kò ní akọ àti abo, mo gbàgbé oríkì: Àjàní àti Àkànní fún ọkùnrin, Àníkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ fún obìnrin.

Ó gba ike mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ mi, ó wò ó bóyá mo fọ̀ ọ́.

"Ẹ wá gbàgbé," ó wí. "Àṣàkẹ́ wo lẹ wá ń pè láàárọ̀ ojoojúmọ́ pé kó fún yín ní tíì?"