Òkú Kì Í Ka Pátákó Tuntun

Ìjọba tó bá ti wọ ìlú Riga, kó tó bu omi mu, orúkọ òpópó ló máa kọ́kọ́ yí. Ẹ má bi mí pé kí ni òpópó fi ṣe wọ́n. Alvīne Strautmane, tí wọ́n bí sí ilé onípákó kan ní ọ̀kan nínú àwọn òpópó ìlú náà, tó sì gbálẹ̀ ibẹ̀ títí ìbàdí rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́, ti rí orúkọ tó wá tó sì lọ. Nígbà ọba Rọ́ṣíà, Òpópó Ìyá Ọba ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn ará Latvia gba ìlú wọn, ó di Òpópó Ọ̀gbọ̀, nítorí àwọn oníṣòwò tó ń kó ọ̀gbọ̀ pamọ́ síbẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn Rọ́ṣíà alásíá pupa dé, wọ́n ní Òpópó Atukọ̀ Pupa ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, atukọ̀ kankan kò gbé ibẹ̀ rí. Àwọn ará Jámánì lé wọn lọ, wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun wọn kan tó ń jẹ́ Brandt sí i. Ìyẹn kò pẹ́. Àwọn alásíá pupa padà dé, atukọ̀ padà sórí pátákó, ó sì wà níbẹ̀ títí Alvīne fi di arúgbó.

Bàbá rẹ̀, Jēkabs, ni olùtọ́jú ilé náà ṣáájú rẹ̀. Òun ló ń da iyanrìn sórí yìnyín, òun ló ń ta àsíá, òun náà ni wọ́n sì gbé àkàsọ̀ fún pé kó lọ tú Ìyá Ọba sílẹ̀ kó kan Ọ̀gbọ̀. Alvīne ṣì kéré lọ́jọ́ náà, òun ló di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, gbọ́ o. Òkú kì í ka pátákó tuntun. Orúkọ tí òpópó ń jẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn jáde nílé kẹ́yìn, òun ló máa fi wá ilé.”

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún wọn. Ní ilẹ̀ Latvia, ìgbà ìwọ́wé, lẹ́yìn ìkórè, ni àwọn òkú máa ń wá jẹun nílé. Alvīne ń tẹ́ tábìlì fún wọn lọ́dọọdún, àní nígbà tí ìjọba ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìwà òpè. Yóò fa kọ́tìnì, yóò gbé ẹ̀wà tó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sè kalẹ̀, àti búrẹ́dì dúdú, oyin àti bíà, yóò sì tan àbẹ́là kọ̀ọ̀kan síwájú àwo kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí fèrèsé díẹ̀. Yóò pe ìyá àgbà wá sí Òpópó Ìyá Ọba, yóò pe bàbá rẹ̀ wá sí Òpópó Ọ̀gbọ̀, yóò sì pe ìyá rẹ̀ àti Oto, ọkọ Alvīne fúnra rẹ̀, wá sí Òpópó Atukọ̀ Pupa. Bí ẹni tó pè bá ti wọlé, iná àbẹ́là rẹ̀ yóò tẹ̀ síhà àwo.

Ẹnì kan wà tí kò pè rí: Arvīds, àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ogun ń lọ sópin, àwọn ọmọ ogun Jámánì kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òpópó náà jọ sábẹ́ pátákó Brandt, wọ́n pè wọ́n lórúkọ, wọ́n sì kó wọn lọ sójú ogun. Arvīds kò tíì jẹun òwúrọ̀ tán. Búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi ń juwọ́ sí àwọn ará ilé. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ní òun rí i nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń sá lọ sí Sweden. Ẹlòmíì ní ó ti gbé ìyàwó ní Amẹ́ríkà. Alvīne gbá ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ́ra. Bí òun bá pè é sí tábìlì òkú tí àbẹ́là sì tẹ̀, á jẹ́ pé àbúrò òun ti kú, kò tún sí àwíjàre. Bí òun kò bá pè é, ó wà láàyè. Ó sì búra pé orúkọ ọ̀gágun yẹn kò ní gba ẹnu òun jáde láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ń rìn níta. Nígbà ìwọ́wé, bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹsẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìkóríta, yóò máa bọ̀ lórí òkúta títì, yóò dúró níwájú ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka nǹkan lára ògiri. Yóò kọjá ẹnu géètì Alvīne, yóò lọ dé òpin òpópó, yóò sì yí padà. Bí Alvīne bá yọjú, kò ní rí ẹnì kankan. Ọ̀mùtí ni, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀mùtí wo ló ń rìn gún régé báyẹn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún?

Nígbà tó wá kan àwọn alásíá pupa láti kó ẹrù wọn, Guntis, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà, gun àkàsọ̀, ó tú Atukọ̀ Pupa sílẹ̀, ó sì kan Ọ̀gbọ̀ padà. Àwọn èèyàn kọrin, àwọn mìíràn sunkún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, àwọn tó ti sá lọ sí òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ilé tí wọ́n bí wọn sí. Alvīne wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé àga sẹ́nu géètì, ó ń wo ojú àwọn arúgbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló bi léèrè. Kò sẹ́ni tó mọ Arvīds, ní Sweden o, ní Amẹ́ríkà o. Ẹ̀ẹ̀rùn tán, ó gbé àga rẹ̀ wọlé, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an.

Àsìkò òkú tún dé. Zelma, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, opó bíi tirẹ̀ tó ń gbé yàrá òkè, sọ̀ kalẹ̀ wá bá a jókòó bó ṣe máa ń ṣe.

“Lọ́tẹ̀ yìí, pe gbogbo wọn sí Ọ̀gbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó o jókòó,” Zelma wí. “Orúkọ gidi ti padà. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ Atukọ̀ Pupa nínú ilé yìí?”

“Oto ńkọ́? Kò mọ Ọ̀gbọ̀.”

“Oto tó ń rí ilé ọtí nínú òkùnkùn biribiri? Á rí i. Pè wọ́n jàre, ẹ̀wà ń tutù.”

Alvīne rẹ́rìn-ín. Orúkọ àwọn atukọ̀ yẹn ti sú òun náà. Ó ṣí fèrèsé, ó sì pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Òpópó Ọ̀gbọ̀.

Àbẹ́là bàbá rẹ̀ tẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù dúró ṣánṣán. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wò wọ́n, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìkóríta, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kan mọ́. Ọ̀kan ń wọ́ bàtà nílẹ̀ bí Oto ṣe máa ń wọ́ ọ. Ọ̀kan ń fi ọ̀pá kan òkúta, kọ́, kọ́, kọ́. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń dúró lẹ́nu ilé onílé. Ẹ̀rù ba Alvīne débi pé ó di etí tábìlì mú.

“Zelma, ṣé o gbọ́?”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ kan. Tòní ló pọ̀.” Zelma dìde. “Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n ṣìnà. Pè wọ́n bó o ṣe máa ń pè wọ́n. Yára, Alvīne!”

Alvīne sáré sí fèrèsé. Ó pe ìyá àgbà sí Ìyá Ọba, ó pe ìyá rẹ̀ àti Oto sí Atukọ̀ Pupa, ó ń tọrọ àforíjì láàárín. Àbẹ́là kan tẹ̀, èkejì tẹ̀, ẹ̀kẹta náà tẹ̀. Òtútù kún yàrá.

Ẹsẹ̀ kan ṣì kù níta. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó tún kọjá lọ.

“Ọ̀rẹ́ mi,” Zelma wí, “o mọ ẹni tó kù.”

“Ọ̀mùtí ni.”

“Ọ̀mùtí tó wọ bàtà ológun? Dákẹ́ irọ́. Bí mo bá kú lónìí tí ìwọ náà kú lọ́la, ta ló máa pè é? Guntis tí kò mọ̀ pé òpópó yìí jẹ́ orúkọ yẹn rí?”

“Bí mo bá pè é, mo ti pa á nìyẹn.”

“Wọ́n ti pa á tipẹ́, Alvīne. Ìwọ lo ò jẹ́ kó jókòó.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó mú àwo mìíràn, ó gé búrẹ́dì sí i, ó tan àbẹ́là síwájú rẹ̀. Fèrèsé kò tó fún ìpè yìí. Ó gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu géètì, níbi tí Guntis ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Alvīne gbá irin géètì mú, ó sì figbe ta.

“Arvīds! Arvīds, ọmọ ìyá mi! Òpópó Ọ̀gágun Brandt nìyí o! Ilé rèé! Máa bọ̀!”

“Màmá Alvīne!” Guntis ń wò yíká bóyá èèyàn gbọ́. “Orúkọ wo lẹ ń pariwo yẹn? Orúkọ àwọn apààyàn! Ọ̀gbọ̀ nibí o, Màmá. Èmi fúnra mi ni mo kàn án.”

“O káre, ọmọ mi. Ọ̀gbọ̀ ni fún ìwọ. Kúrò lójú ọ̀nà.”

Guntis fẹ́ tún sọ̀rọ̀, àmọ́ ó gbọ́ bàtà tó ń sáré bọ̀ lórí òkúta, kò sì rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó fara mọ́ ògiri. Ẹsẹ̀ náà gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, ó ń fo àtẹ̀gùn ní méjì méjì, bí ọ̀dọ́ tí ebi ń pa ṣe ń gòkè nílé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Alvīne dé òkè, Zelma ń sunkún. Àbẹ́là karùn-ún tẹ̀ débi pé iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan búrẹ́dì. Alvīne jókòó síwájú rẹ̀. Kò sí ìyàwó kankan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́ ni Arvīds nígbà tó kú, ọ̀dọ́ náà ló sì jẹ́ títí dòní. Arúgbó náà sunkún kíkorò.

Bí àbẹ́là bá ti jó dé ìdajì, onílé gbọ́dọ̀ dá àwọn òkú padà. Alvīne nu ojú, ó dìde, ó kọjú sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ ti jẹ, ẹ ti mu. Ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má tẹ ọkà wa mọ́lẹ̀.” Kò ní oko, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wí i nìyẹn. Iná ìyá àgbà nà ró, ti bàbá rẹ̀ nà ró, ti ìyá rẹ̀, ti Oto. Ó ku ẹyọ kan.

“Arvīds,” ó wí, “o ti jẹ, o ti—” Kò lè parí rẹ̀.

“Sọ fún un kó máa lọ,” Zelma wí jẹ́jẹ́. “O mọ̀ pé òkú tí a ò bá ní kó máa lọ kì í lọ.”

“Mo mọ̀.”

Alvīne lọ síbi fèrèsé, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn. Ó padà wá gé búrẹ́dì mìíràn, ó fi oyin pa á, ó rọra gbé e sínú àwo.

“Jókòó, ọmọ ìyá mi,” ó wí. “Ìrìn náà ti pọ̀ jù.”