Dókítà Tó Ń Tẹ Dùùrù Lórí Ikùn Mi

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ àpẹ́ńdíìsì mi ní Ẹgbẹ́dá ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀, ìka dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ikùn mi.

“Dókítà, kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

“Ẹ má bínú, dádì. Dùùrù ni mò ń tẹ̀, iṣẹ́ mi kejì nìyẹn. Mo máa ṣeré orin àtijọ́ àwọn òyìnbó níwájú èrò ní Sátidé, ọwọ́ òsì mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọwọ́ wo lẹ fi ń mú ọ̀bẹ?”

“Ọ̀tún ni, jàre.”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ oorun gbé mi lọ kí n tó lè sá.

Mo jí láàyè. Lẹ́yìn Sátidé yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ òwú tí wọ́n fi rán ikùn mi, ọwọ́ òsì ni dókítà fi mú sísọ́ọ̀sì. Mo pariwo.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, dádì. Ó ti mọ̀ ọ́n.”

Òwú tó kẹ́yìn jáde wẹ́rẹ́. Ìgbà náà ni mo tó mí.